Màlúù Lórí Òkè Nígbà Òtútù: Bí Òdòdó Burren Ṣe Rí Ààyè Hù

Bí oṣù kẹwàá bá ti ń lọ sópin, tí òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í mú, àwọn ọlọ́sìn ní ibi púpọ̀ nílẹ̀ Yúróòpù á ti kó màlúù wọn sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe lórí àwọn òkè Alps, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sì ṣe é rí ní ọ̀pọ̀ ibi ní Írẹ́lándì: ẹran á gun òkè nígbà ooru, á padà wálé nígbà òtútù. Ní Carran, abúlé kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Clare, ní ìwọ̀-oòrùn Írẹ́lándì, òdìkejì ni ti wọn. Ìgbà tí òtútù dé gan-an ni wọ́n ń da màlúù gun òkè, ibẹ̀ ni ẹran yóò sì wà láìsí òrùlé lórí títí di ìparí oṣù kẹrin. Bí ooru bá wá dé, tí koríko orí òkè ń wu gbogbo ọlọ́sìn yòókù, àwọn ará Carran á kó ẹran sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á fi òkè sílẹ̀ fún oyin àti labalábá. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ lè rò pé ìyà ló kó wọn síbẹ̀, pé wọn ò ní ilẹ̀ tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èrò tèmi ni pé àṣà yìí jẹ́ ọ̀kan lára ọgbọ́n ọ̀sìn tó jinlẹ̀ jù lọ nílẹ̀ Yúróòpù, òun ló sì mú kí òdòdó pọ̀ lórí àpáta ibẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ayé ń wá wò ó. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ dá àwọn òdòdó náà sí láì dá iṣẹ́ àwọn ọlọ́sìn sí, apẹ̀rẹ̀ ló fi ń pọnmi.

Carran fúnra rẹ̀ kì í ṣe ibi ńlá. Ṣọ́ọ̀ṣì kan, ilé ọtí kan àti àwọn ilé tó fọ́n ká lẹ́bàá ọ̀nà tóóró ni èèyàn máa kọ́kọ́ rí. Ilẹ̀ tó yí i ká ló ṣàrà ọ̀tọ̀. Àárín ilẹ̀ olókùúta tí wọ́n ń pè ní Burren ló wà, òkúta ẹfun sì ni àpáta ibẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń lọ̀ ṣe sìmẹ́ǹtì. Ó ti lé ní mílíọ̀nù lọ́nà 300 ọdún tí òkúta yìí ti dì nísàlẹ̀ òkun tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, láti ara ìkarawun àti egungun àwọn ohun abẹ̀mí inú omi. Nígbà tí yìnyín bo apá àríwá ayé, òkìtì yìnyín wọ́ kọjá lórí rẹ̀, ó sì ha erùpẹ̀ ibẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà ni òjò ti ń jẹ àpáta náà díẹ̀díẹ̀, tó ń là á sí wẹ́wẹ́, tó fi jẹ́ pé òkúta pẹrẹsẹ pẹrẹsẹ ni èèyàn ń tẹ̀ lé, tí àlàfo tóóró tó jìn sì pààlà sáàárín wọn. Ti ọwọ́ bọ inú ọ̀kan nínú àwọn àlàfo náà: ìjì tó ń fẹ́ lókè kò dé ibẹ̀, ara òkúta lọ́rinrin, ewéko tí kò lè fara da atẹ́gùn òkun lójú gbangba sì ti fi gbòǹgbò mú ògiri rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ó ń tan ewé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, níbi tí erùpẹ̀ tín-ín-rín bá ti bo òkúta, koríko wà níbẹ̀, inú koríko yẹn sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà.

Nǹkan bí ìpín 70 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo irú ewéko tó jẹ́ ìbílẹ̀ Írẹ́lándì ló ń hù ní Burren, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ilẹ̀ náà kò tó ìpín 1 nínú ọgọ́rùn-ún erékùṣù náà. Èyí tó ń ya àwọn onímọ̀ ewéko lẹ́nu jù ni àwọn tó ń gbé pọ̀ níbẹ̀. Gentiana verna wà níbẹ̀, òdòdó kékeré aláwọ̀ búlúù tó jẹ́ pé orí òkè gíga bí Alps ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́. Dryas octopetala náà wà, funfun báláú, tí ewé òdòdó rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ mẹ́jọ, tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Arctic. Ní ìwọ̀nba ìṣísẹ̀ sí wọn, Neotinea maculata ń hù, òdòdó tí ilé rẹ̀ gan-an jẹ́ etí òkun Mẹditaréníà, níbi tí oòrùn ti ń mú gidi. Ará ilẹ̀ yìnyín àti ará ilẹ̀ oòrùn ń jùmọ̀ gbé lórí àpáta kan náà, kò sì jìnnà sí etí òkun. Ojú ọjọ́ àti irú òkúta tó wà níbẹ̀ ní ipa tí wọ́n ń kó, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì nìkan kò tó. Òkúta ẹfun pọ̀ níbòmíràn ní Írẹ́lándì, òjò kan náà sì ń rọ̀ sí i, síbẹ̀ irú òdòdó yìí kò pọ̀ níbẹ̀ tó báyìí.

Kí a kọ́kọ́ wo ìdí tó fi jẹ́ ìgbà òtútù ni wọ́n ń gun òkè. Òkúta ẹfun a máa fa ooru mọ́ra ní gbogbo ìgbà ooru, á sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí òtútù bá dé. Òkun Àtìláńtíìkì tó wà nítòsí, tí omi rẹ̀ kì í tutù tó ti àwọn òkun mìíràn tó wà ní ìpele àríwá kan náà, ń gbé atẹ́gùn tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ wá. Nítorí náà, ilẹ̀ orí òkè kì í sábà dì, koríko kì í sì fi bẹ́ẹ̀ dẹ́kun híhù. Ní ti omi, ọ̀rọ̀ tún jinlẹ̀ sí i. Bí òjò bá ti rọ̀ sórí àpáta náà, inú àlàfo ló ń wọ̀ lọ, kì í dúró lókè. Nígbà ooru, orí òkè á gbẹ táútáú, màlúù ò ní rí omi mu. Nígbà òtútù, àwọn ìsun kéékèèké á là, ẹran á rí mu, síbẹ̀ ibi tí wọ́n ń dùbúlẹ̀ sí á gbẹ, nítorí ẹrẹ̀ kì í dúró lórí àpáta. Àfonífojì ló ń kún nígbà náà. Nítòsí Carran gan-an, adágún kan wà tó ń wá tó sì ń lọ: omi á máa ru wá láti abẹ́ ilẹ̀ nígbà òjò, á bo pápá, nígbà tó bá yá, ihò tó gbà wá náà ni yóò gbà padà, pápá á tún di ibi tí màlúù ń jẹ̀. Àwọn ògiri òkúta tó la pápá náà kọjá fi ibi tí omi ń dé hàn, nítorí èbù dúdú kan tó ń hù níbi tí omi bá ń bò mọ́lẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ òkúta wọn. Bí àgbẹ̀ bá fi màlúù sí ìsàlẹ̀ nígbà òtútù, pátákò wọn á sọ ilẹ̀ tútù di ẹrẹ̀. Bó bá kó wọn gòkè, koríko tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn látìgbà ooru ń dúró dè wọ́n níbẹ̀, kò gbowó gígé, kò gbowó gbígbé.

Ohun tí màlúù ń ṣe fún òdòdó wá nìyí. Koríko tó pọ̀ jù lórí òkè yẹn lágbára ju òdòdó lọ. Bí a bá fi í sílẹ̀, á ga, á kú, òkú rẹ̀ á sì tẹ́ sílẹ̀ bí ẹní tó nípọn. Gentiana kò ga ju ìka ọwọ́ lọ. Abẹ́ ẹní yẹn ni yóò wà nígbà tí oòrùn ìgbà ìrúwé bá dé, kò sì ní rí ìmọ́lẹ̀. Láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kẹrin, òdòdó ti sá wọlẹ̀, gbòǹgbò àti ewé pẹlẹbẹ tó lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ nìkan ló kù, tí ahọ́n màlúù kò lè ká. Koríko ló yọ sókè, òun sì ni màlúù ń jẹ, tútù àti gbígbẹ rẹ̀. Bí ó ṣe ń rìn, pátákò rẹ̀ á fọ́ òkú koríko, á sì ṣí ojú ilẹ̀ díẹ̀ tí irúgbìn lè bọ́ sí. Nígbà tí yóò fi di oṣù karùn-ún, tí òdòdó fẹ́ yọ, ilẹ̀ ti mọ́, oòrùn ti ráyè wọlé, ẹran sì ti kúrò níbẹ̀. Òdòdó á tanná, á gbó, á so irúgbìn, ẹnu ẹran kò ní kàn án. Kí ẹnì kan gbìyànjú láti fi ẹ̀rọ ṣe irú iṣẹ́ yìí lórí àpáta tó kún fún kòtò. Kò ṣeé ṣe. Jíjẹ̀ màlúù náà sì níbi tó yẹ kó mọ. Bí màlúù bá pọ̀ jù, tàbí tí wọ́n pẹ́ jù lókè, òdòdó gan-an ni wọn yóò jẹ. Àgbẹ̀ ni yóò wo koríko, tí yóò mọ̀ pé ó ti tó.

Iṣẹ́ yìí ti pẹ́. Nínú ìjọ Carran ni ibojì olókùúta Poulnabrone wà, èyí tí àwọn àgbẹ̀ àkọ́kọ́ ní agbègbè náà gbé kalẹ̀ ní ohun tó lé ní 5000 ọdún sẹ́yìn. Lẹ́bàá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tí kò jìnnà sí abúlé náà, odi Cahercommaun dúró, ògiri mẹ́ta tó yí ara wọn ká. Nígbà tí àwọn awalẹ̀pìtàn gbẹ́ ibẹ̀ ní 1934, egungun ẹran tí wọ́n kó jáde kò kéré rárá, ti màlúù ló sì pọ̀ jù lọ fíìfíì nínú rẹ̀: ọlọ́sìn màlúù ni àwọn tó gbé ibẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹsàn-án. Ní àárín ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, Edmund Ludlow, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì tó kó ọmọ ogun gba ilẹ̀ náà kọjá, ráhùn pé kò sí igi, kò sí omi, kò sí erùpẹ̀ níbẹ̀, síbẹ̀ òun náà jẹ́rìí pé màlúù wọn sanra. Nígbà tó yá, àwọn olówó tí kò gbé ibẹ̀ ń gba òkè náà fún ìgbà òtútù, wọ́n sì ń fi darandaran síbẹ̀ láti bá wọn ṣọ́ ẹran. Irú darandaran bẹ́ẹ̀ ni bàbá Michael Cusack, tí wọ́n bí ní Carran ní 1847, tó sì wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ eré ìdárayá ìbílẹ̀ Írẹ́lándì sílẹ̀ ní 1884. Mo mẹ́nu kan àwọn nǹkan wọ̀nyí nítorí pé ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé igbó àìro ni Burren. Lẹ́búlẹ́bú òdòdó àtijọ́ tó wà nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún fi hàn pé igi wà lórí òkè yẹn rí, pé èèyàn ló gé e, ẹran ni kò sì jẹ́ kó padà. Gbangba tí òdòdó rí gbé yẹn, ọwọ́ ọlọ́sìn ló là á.

Ẹ̀rí tó lágbára jù lọ wá láti ìgbà tí àṣà náà bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀. Írẹ́lándì wọ ẹgbẹ́ ọrọ̀ ajé Yúróòpù ní 1973. Owó ìrànwọ́ tó tẹ̀ lé e sọ iye ẹran di ohun tí wọ́n ń lé. Àwọn màlúù ńlá bíi Charolais àti Limousin gbapò àwọn ẹran kéékèèké tó lè fi koríko òkè nìkan gbéra. Kí ẹran ńlá yìí má bàa rù, àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé koríko inú ọ̀rá lọ bá a lókè, ìyẹn koríko tútù tí wọ́n gé nígbà ooru, tí wọ́n dì pa títí tó fi kan. Ibi tí wọ́n bá ti gbé oúnjẹ kalẹ̀, ibẹ̀ ni màlúù máa ń dúró sí. Ilẹ̀ yíká ibẹ̀ á di ẹrẹ̀ àti ìgbẹ́, omi ìdọ̀tí á gba àlàfo àpáta wọ inú omi abẹ́ ilẹ̀ tó ń bọ́ sí kànga àwọn èèyàn. Ní ìyókù òkè, ẹnikẹ́ni kò jẹ koríko. Àwọn mìíràn kọ́ ilé fún ẹran, wọ́n ò gòkè mọ́ rárá. Láàárín ìran kan ṣoṣo, igi hazel bo àwọn ibi tí òdòdó wà tẹ́lẹ̀, ó gun orí odi àtijọ́, gbòǹgbò rẹ̀ sì ń tú òkúta wọn. Òkúta kò yí padà, ojú ọjọ́ náà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Màlúù ni kò jẹ̀ níbẹ̀ mọ́.

Àwọn kan á ní kí ló burú níbẹ̀, pé ẹ̀dá ni igi hazel náà, kí a jẹ́ kí igbó padà sí ipò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tó ṣeé pa tì. Igbó hazel tó ti dàgbà dáadáa ní èbù, ẹyẹ àti ẹranko tirẹ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi àáké kàn án. Ṣùgbọ́n igi tó ń gbilẹ̀ lórí pápá tí wọ́n pa tì yàtọ̀ sí igbó tí èèyàn gé ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn; igi ṣákálá kan ṣoṣo tó dí pa ni. Igbó bẹ́ẹ̀ lè hù ní ibi púpọ̀ ní Írẹ́lándì tí erùpẹ̀ pọ̀ sí. Àwọn òdòdó tó ń gbé gbangba Burren kò fi bẹ́ẹ̀ ní ibòmíràn tí wọ́n lè kó lọ ní orílẹ̀-èdè náà. Bí a bá ní láti yan ọ̀kan fún ilẹ̀ yìí, èyí tí kò ní arọ́pò ló yẹ ká yàn.

Àwọn mìíràn á sọ pé ìwà ìkà ni láti fi màlúù sílẹ̀ nínú ìjì òkun. Ìbéèrè yìí tọ́ láti bi ẹnikẹ́ni tó ń sin ẹran. Ìdáhùn rẹ̀ wà lára ẹran náà: òtútù gbígbẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe màlúù tó jẹun yó, ohun tó ń ṣe é ni ọ̀rinrin, ẹrẹ̀, àti afẹ́fẹ́ àkámọ́ inú ilé. Lórí òkè, ilẹ̀ tí wọ́n ń dùbúlẹ̀ sí gbẹ, ògiri òkúta àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè sì ń bá wọn dí ìjì. Èyí kò ní kí àgbẹ̀ kọ́wọ́ lẹ́rán o. Ó gbọ́dọ̀ máa gòkè lọ wò wọ́n, pàápàá bí abo bá lóyún. Àwọn tó ṣèwádìí ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú àwọn àgbẹ̀ rí i pé bí wọ́n bá fi ìwọ̀nba oúnjẹ líle tó ní èròjà fún màlúù lójoojúmọ́ dípò koríko inú ọ̀rá, á fún un lókun tó tó, ebi á sì ṣì máa pa á tó láti rìn káàkiri wá koríko jẹ.

Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ló bí ètò tí Burren fi gbajúmọ̀. Ọ̀mọ̀wé Brendan Dunford, tó wá ṣe iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ níbẹ̀, gbé ìwé jáde ní 2002 tó fi ìbáṣepọ̀ iṣẹ́ ọ̀sìn àti ewéko hàn. Ní 2005, wọ́n fi owó Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ BurrenLIFE pẹ̀lú oko 20. Láti 2010, ìjọba sọ ọ́ di ètò tó gbòòrò, títí àwọn oko tó wà nínú rẹ̀ fi lé ní 300. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ń sanwó ló ṣe pàtàkì. Tẹ́lẹ̀, òfin ló ń sọ ohun tí àgbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ṣe, wọ́n á sì sanwó fún un torí pé kò ṣe é. Nínú ètò tuntun yìí, ẹnì kan á rin pápá kọ̀ọ̀kan nígbà ooru, á wo bóyá òkú koríko pọ̀ jù, bóyá ilẹ̀ bàjẹ́ níbi omi àti ibi oúnjẹ, bóyá igi ń wọlé, á sì fún pápá náà ní máàkì, láti 1 dé 10. Bí máàkì bá ga, owó á pọ̀. Bó bá lọ sílẹ̀, owó á dínkù. Ọ̀nà tí àgbẹ̀ máa gbà gbé máàkì náà sókè kù sí ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n tún ń ràn án lọ́wọ́ láti gé igi, láti tún ògiri mọ, láti fa omi dé ibi tí ẹran kì í dé. Mo gbà pé ibi tí ètò náà ti borí nìyí: ó ka òdòdó sí irè oko, ó sì gbà pé àgbẹ̀ mọ ilẹ̀ rẹ̀.

Ẹni tó ń san owó orí lè bi wá pé kí ló dé tí ìjọba fi ní láti sanwó fún ohun tí bàbá ńlá wọn ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé wọn ò ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ rí. Ẹran tó sanra lórí òkè láìná owó oúnjẹ ni èrè wọn, ọjà ayé ìgbà náà sì san án fún wọn. Ìlànà ìjọba àti ti Yúróòpù ló yí èrè náà padà sí iye orí ẹran, tí ẹni tó tẹ̀ lé àṣà fi di ẹni tó ń pàdánù. Owó tí wọ́n ń san báyìí ń tún ohun tí owó ìjọba bàjẹ́ ṣe. Omi kànga tó mọ́ àti àwọn àlejò tó ń wá wo òdòdó wà nínú ohun tí aráàlú ń rí gbà padà.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni àwọn èèyàn. Láti 2023 ni wọ́n ti fa ètò Burren wọ inú ètò gbogbogbòò orílẹ̀-èdè náà, èyí tó ń jẹ́ ACRES, máàkì sì ti di ohun tí wọ́n ń lò ní agbègbè púpọ̀. Ìyìn ni èyí jẹ́ fún ohun tó bẹ̀rẹ̀ lórí oko 20. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń da màlúù gòkè ti dàgbà, àwọn ọ̀dọ́ wọn sì ń ṣiṣẹ́ níbòmíràn kí owó oko tó lè pé wọn. Ẹni tó ń ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́ nínú oṣù kejìlá, nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú láti bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, báwo ni yóò ṣe gun òkè lọ ka màlúù? Òun ló máa ń sọ pé kí òun kúkú kọ́ ilé fún wọn. Ọ́fíìsì tó jìnnà lè ka máàkì, kò lè gun òkè. Nítorí náà, ilé tí tọkọtaya ọ̀dọ́ lè kọ́ sí Carran, ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọ wọn lè fẹsẹ̀ rìn lọ, íntánẹ́ẹ̀tì tí yóò jẹ́ kí ẹni tó níṣẹ́ mìíràn ṣe é látilé, ìnáwó òdòdó ni gbogbo wọn, inú ìwé ìṣirò kan náà pẹ̀lú owó máàkì ló sì yẹ kí ìjọba Írẹ́lándì kọ wọ́n sí.